Ẹnu Ihò Kì í Ṣe Ibi Tí À Ń Kan Ilẹ̀kùn Sí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ya àwòrán ilé àlejò, ilé tí àwọn tó wá wòran á ti máa wọlé, fún ibi ìwakùsà wúrà àtijọ́ kan, orí ihò gan-an ni mo gbé ilé náà lé. Dígí ni mo fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè máa wo òkùnkùn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi náà yìn ín. Bàbá kan wà nínú ìpàdé ọjọ́ náà tí wọn ò fọhùn rárá. Inú ihò yẹn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n sì wà lára àwọn díẹ̀ tó kù láyé tó mọ bí inú ibẹ̀ ṣe rí.

Nígbà tí ìpàdé tú, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Wọ́n fi ìka kan ibi tí mo ya ilẹ̀kùn àbáwọlé sí.

"Ọmọ mi, kí lo ní kí àwọn èèyàn máa ṣe níbí?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa wọlé, Bàbá. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, wọ́n á gba akoto."

Wọ́n mi orí. "Ibẹ̀ yẹn ni àwọn ìyàwó wa máa ń wá dúró sí tí fèrè bá dún lásìkò tí kò yẹ kó dún."

Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Èmi náà ò rí ọ̀rọ̀ sọ ju "Ẹ ṣeun, Bàbá" lọ. Mo ká àwòrán mi, mo gbé e lọ sílé, mi ò sì tún tú u wò mọ́.

Ó ti pẹ́. Mo ti bá wọn lọ́wọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ lónìí kò jìnnà sí èyí tí Bàbá sọ lọ́jọ́ náà: níbi ìwakùsà àtijọ́, ilé tí a bá kọ́ fún àlejò gbọ́dọ̀ yà fún ihò. Kó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Yorùbá ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ayàwòrán-ilé bá tún wá gbé dígí àti irin dídán síwájú ojú yẹn, kí ni àlejò ọ̀hún fẹ́ rí?

Ẹni tó bá wá síbi ìwakùsà wúrà, wúrà ló ń retí láti rí, wúrà sì ti lọ tipẹ́. Ohun tó kù ni àyè tí wọ́n ti yọ ọ́. Ní Empire Mine, ní Grass Valley ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n wa wúrà láti 1850 títí di 1956. Èyí tó jáde níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 5.8 áúńsì, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti rí i sì gùn tó máìlì 367. Omi ti kún èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà wọ̀nyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń fà á. Àlejò lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ihò, kó wo irin tí ọkọ̀ ń gbà bó ṣe ń wọ òkùnkùn lọ, ibẹ̀ náà ni yóò ti padà. Ohun tó ń jẹ́ kí máìlì 367 yẹn yé èèyàn ni àwòṣe kan tí àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ṣe, tí gbogbo ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà hàn lára rẹ̀ bí iṣan. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, àṣírí ni àwòṣe náà jẹ́, inú yàrá tí kì í ṣí fún gbogbo èèyàn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Mo fẹ́ràn àwòṣe yẹn ju gbogbo fíìmù tí wọ́n máa ń fi han àlejò nínú yàrá dúdú lọ. Èèyàn lè rìn yí i ká, ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lè bá ọmọ rẹ̀ jiyàn lórí ibi tí ọ̀nà kan gbà kọjá.

Ohun mìíràn wà tí àwòṣe ò lè sọ. Nínú ihò tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, bí èèyàn bá wọlé tó ogún ìṣísẹ̀, ojú àpáta kan wà lápá òsì. Ojú ibi tí dígà ti gbẹ́ ẹ wà lára rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, gbogbo wọn ṣẹ́ wá láti òkè lápá ọ̀tún sí ìsàlẹ̀ lápá òsì. Nígbà tó dé ibì kan, wọ́n yí padà. Láti òkè lápá òsì ni wọ́n ti ń ṣẹ́ wá báyìí, ní ìwọ̀n apá méjì, kí wọ́n tó tún padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ọlọ́wọ́ òsì kan ló gba iṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí ìwé kankan tó ní orúkọ rẹ̀. Lókè ibi tó ti ṣiṣẹ́, ihò kékeré kan wà nínú àpáta tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àbẹ́là sí. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, ìka mi sì dúdú jáde.

Mo ti kọjá níwájú àpáta yẹn nígbà mẹ́rin kí n tó rí i. Iná tí wọ́n fi sínú ihò kọjú sí i tààrà, gbogbo rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri tí wọ́n rẹ́. Ọjọ́ kan ni iná náà kú, tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì dání lẹ́bàá ìtan mi, tí ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ wá. Gbogbo ojú dígà náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, òjìji tirẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ohun tí mo ṣe níbẹ̀ kò ju pé mo gbé iná sí ẹ̀gbẹ́, tí mo sì ní kí wọ́n fẹ ojú ọ̀nà díẹ̀ ní apá kejì kí èèyàn mẹ́jọ lè dúró láì dí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Mi ò rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, owó rẹ̀ kò sì tó ti ilẹ̀kùn kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ibi ìwakùsà sábà máa ń jìnnà sí ìlú. Bí bọ́ọ̀sì bá dé, àádọ́ta èèyàn ló lè bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń wá kì í ṣe ìtàn. Àwọn kan á ka iye àlejò ọdún kan, wọ́n á pín in sí ọjọ́, wọ́n á wá ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́rin ti tó. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ sì fún àwọn obìnrin ní ju ìdajì lọ, torí àwọn ni wọ́n máa ń tò lórí ìlà nínú oòrùn nígbà tí ọkùnrin ti ṣe tán tó ń ya fọ́tò kiri.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí èèyàn kàn ń wà bó ṣe wù ú. Nínú ọ̀pọ̀ àpáta tí wúrà ń gbé, arsenic, májèlé kan, wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fọ́ àpáta náà lúbúlúbú, tí wọ́n yọ wúrà, arsenic á kù sínú ìyókù tí wọ́n dà sílẹ̀. Mẹ́kúrì tún wà níbẹ̀: òun ni wọ́n fi ń mú ẹyọ wúrà kéékèèké, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà, díẹ̀ lára rẹ̀ sì máa ń bá omi lọ sínú ilẹ̀ àti odò. Láti ìparí àwọn ọdún 1880 ni sáyánáìdì, májèlé mìíràn tí wọ́n fi ń yọ wúrà, ti wọ iṣẹ́ náà. Òkìtì tí gbogbo ìyẹn fi sílẹ̀ lè funfun, ó máa ń kúnná bí iyanrìn etí òkun, kò sì sí ọmọdé tó máa rí i tí kò ní fẹ́ gùn ún. Ní Empire Mine tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ilẹ̀ nítorí arsenic àti òjé, kí àwọn èèyàn lè máa rìn lójú ọ̀nà ọgbà náà láìséwu.

Nítorí náà, ká tó fa ìlà kan sórí bébà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èsì tí wọ́n bá mú wá ló máa sọ ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí, kì í ṣe ibi tí ojú ti rí ihò dáadáa jù. Páìpù tí a bá ri mọ́lẹ̀ lè la àárín májèlé tó ti sùn láti ọgọ́rùn-ún ọdún. Omi ìdọ̀tí tí a bá tú sílẹ̀ lè wá ọ̀nà ihò àtijọ́ lọ. Irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò lo omi, tí ìdọ̀tí rẹ̀ ń jẹrà nínú àgbá títí yóò fi di ìlẹ̀dú, ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún, kó sì wà lórí ilẹ̀ mímọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí. Pákó tí a gbé kúrò nílẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ lọ síbi ihò, pẹ̀lú ọ̀pá ìdìmú tí ọwọ́ ọmọdé náà tó. Ọmọ tó ń rìn lórí pákó kì í rántí òkìtì mọ́, mo ti wò ó dáadáa. Ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti tó o ṣeré.

Níbi tí ọ̀rọ̀ pákó ti dé yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ Allmannajuvet ní Sauda, ní Norway, bó tilẹ̀ jẹ́ pé zinc ni wọ́n wà níbẹ̀, láti 1881 sí 1899. Peter Zumthor ló ya àwọn ilé àlejò ibẹ̀, wọ́n sì ṣí wọn ní 2016. Ilé ọnà kékeré kan, ilé tí èèyàn ti lè mu kọfí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilé ọnà náà dúdú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ igi gíga lára àpáta bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó rán an níṣẹ́. Kò díbọ́n pé òun wà níbẹ̀ láti 1881. Bó sì ṣe dúró lórí ẹsẹ̀ igi, ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ kéré. Ohun tí mo ń wá nìyẹn nígbà tí mo ń gbé dígí sórí ihò, àmì ìyàtọ̀ láàárín tuntun àti àtijọ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé èèyàn lè yàtọ̀ kó má sì pariwo.

Àwọn ará Australia tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ìwé ìlànà kan láti 1979 tí wọ́n ń pè ní Burra Charter. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ní kí èèyàn ṣe gbogbo èyí tó bá pọndandan, kó sì fọwọ́ kan ohun àtijọ́ níwọ̀nba tó bá kéré jù lọ. Burra yìí fúnra rẹ̀, ìlú awakùsà ni, bàbà ni wọ́n wà níbẹ̀.

Awuyewuye tó máa ń gbóná jù lórí iṣẹ́ yìí ni ti iye ohun tó yẹ ká tún kọ́. Bodie wà ní apá kan. Ìlú awakùsà wúrà tó dahoro ni, lórí òkè ní California, ó sì di ọgbà ìpínlẹ̀ ní 1962. Ìlànà wọn níbẹ̀ ni pé kí ilé má wó, kó má sì di tuntun. Òrùlé tó bá ń jò, wọ́n á dí i. Ògiri tó bá tẹ̀, wọ́n á fi igi tì í. Eruku ṣì wà lórí tábìlì nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Wọn ò ta oúnjẹ níbẹ̀, máìlì mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú ọ̀nà ibẹ̀ kò sì ní ọ̀dà. Ní apá kejì ni Sovereign Hill wà, ní Ballarat ní Australia, níbi tí wọ́n ti rí wúrà ní 1851. Wọ́n ṣí i ní 1970, wọ́n kọ́ òpópónà gbogbo padà, àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ ayé ìgbà yẹn, àlejò á sì fi àwo ṣẹ́ wúrà létí odò kékeré.

Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ Bodie, mi ò ní purọ́. Ilé tó ń gbó níwájú mi máa ń sọ òótọ́ fún mi nípa bí wúrà ṣe ń kó èèyàn jọ tó sì ń tú wọn ká. Àmọ́ odò kékeré ti Ballarat yẹn, mo gba tirẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀. Lítà omi kan wọn kìlógírámù kan. Lítà wúrà kan ju kìlógírámù 19 lọ. Ìdí nìyẹn tí àwo fi lè mú wúrà: bí a bá ń fi omi yí erùpẹ̀ po, yanrìn á bá omi lọ, wúrà á jókòó sísàlẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àwo fún ìdá mẹ́rin wákàtí, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí omi tútù ti mú ìka rẹ̀ kú, tó wá rí ẹyọ kan tó tó orí abẹ́rẹ́, òun ló máa mọ ohun tí àwọn gbólóhùn náà ń sọ.

Mo ṣe àṣìṣe lórí èyí nígbà kan. Mo fi kọnkéré mọ ọpọ́n ìṣẹ́wúrà, mo gbé e ga dé ìdí àgbàlagbà kí ẹ̀yìn má bàa dun ẹnikẹ́ni, mo sì dí abẹ́ rẹ̀ pa. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí i, obìnrin kan wá lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Orúnkún rẹ̀ ń kọ lu kọnkéré. Ó ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó máa fi ọwọ́ kan na àwo. Àwọn ọmọ náà dúró lórí ìka ẹsẹ̀, omi ń ṣàn wọ inú apá aṣọ wọn. Obìnrin náà ò bínú, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ìyẹn ló tún dùn mí jù. A fọ́ apá kan rẹ̀ lóṣù yẹn. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ga lọ́nà mẹ́ta, abẹ́ rẹ̀ ṣófo fún orúnkún, ìjókòó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn tó kàn fẹ́ wo àwọn ọmọ wọn. Omi inú rẹ̀ ń yí po nínú ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ti odò, nítorí mẹ́kúrì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Lórí wíwọ inú ihò, mi ò ní pẹ́. Akoto, iná orí, bàtà tí kì í yọ̀. Ẹ jẹ́ kí àlejò mọ̀ ṣáájú pé òtútù ibẹ̀ kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ẹ̀rùn tàbí òjò, kó má bàa wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá. Ọ̀nà méjì ló yẹ kó wà láti jáde. Ilẹ̀kùn ihò tí àdán ń gbé, ọ̀pá irin tó nà gbalaja ni kí ẹ fi ṣe é, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Àdán á fò gba ibẹ̀ kọjá, èèyàn ò ní lè wọ̀ ọ́. Ní Àríwá Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí àrùn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àdán ní 2006, ọ̀pọ̀ ibi ló ń ní kí àlejò nu bàtà kó tó wọlé, kó má bàa fi ẹsẹ̀ gbé àrùn náà kiri, ayàwòrán-ilé sì ní láti fi ibi ìnubàtà náà sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí kò bá lè sọ̀ kalẹ̀, tàbí tí ẹ̀rù ibi tóóró ń bà, má ṣe jókòó sínú ọkọ̀ dúró de àwọn yòókù. Torí rẹ̀ ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ àwòṣe bíi ti Empire Mine. Ibi tó dára jù lókè, tó ní atẹ́gùn tútù àti ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tó wa wúrà náà. Ní Ouro Preto ní Brazil, tó wà lórí àkọsílẹ̀ ibi àjogúnbá àgbáyé ti àjọ UNESCO láti 1980, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbẹ́ ihò ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Àwọn tí wọ́n kó láti Costa da Mina, etíkun tó wà lápá ibi tí àwa gan-an ti wá, àwọn Potogí gbà pé wọ́n mọ iṣẹ́ wúrà. Nítorí ìmọ̀ wọn ni wọ́n ṣe rà wọ́n. Àlejò tó bá wọ ihò ibẹ̀ lónìí ní láti tẹ̀ ba kó tó lè kọjá. Mo gbọ́ pé àwọn kan á dámọ̀ràn pé kí wọ́n gbẹ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jìn sí i fún ìtura àlejò, ní ibikíbi tó bá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ní Sado ní Japan, tí ihò wúrà rẹ̀ wọ àkọsílẹ̀ UNESCO ní 2024, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ lórí àwọn ará Korea tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ogun. Wọ́n gbà láti ṣe àfihàn nípa wọn. Ilé ọnà àdúgbò kan ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe inú ihò. Ayàwòrán-ilé ni mí, mi ò ní agbára lórí ohun tí ìjọba bá fẹnu kò lé. Mo kàn mọ̀ pé ibi tí a gbé nǹkan sí jẹ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìtàn àwọn tó jìyà bá wà ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́yìn ilé ìtajà, àlejò díẹ̀ ló máa yà síbẹ̀. Bó bá wà lójú ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà lọ síbi ihò, kò sẹ́ni tí kò ní bá a pàdé. Ní gbogbo iṣẹ́ tí mo bá ṣe, ohun tí mo máa ń jà fún nìyẹn, mo sì ti pàdánù ìjà náà rí.

Ilé àlejò tí mo fẹ́ gbé sórí ihò, ibi tó jìnnà sí ihò tó igba mítà ló wà báyìí, lẹ́yìn àwọn igi, òrùlé rẹ̀ kò ga. Ní ibi tí ilẹ̀kùn mi ìbá wà, a gbé àga gígùn kan kalẹ̀, pákó lásán, ó kọjú sí ẹnu ihò. Wọ́n fẹ́ kí n fi pátákó sí i kí àwọn èèyàn lè mọ ohun tó wà fún. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọdún kan láì fi nǹkan kan sí i.

Lọ́jọ́ ìṣíde, Bàbá fi ọ̀pá rìn kọjá níwájú ilé náà láì wò ó. Orí àga yẹn ni wọ́n lọ jókòó sí. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún. Èmi dúró lẹ́yìn díẹ̀, mi ò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, akoto tó tóbi jù ú lọ wà lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ṣé ẹ ń dúró de ẹnì kan ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," wọ́n ní, wọ́n sì sún fún un.